Ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti Orírun Ìdílé Rẹ̀

Bí a bá ń wá orírun ìdílé kan ní ilẹ̀ Yorùbá, oríkì àti orílẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ìdílé olókìkí kan wà nínú Ìjọ wa tí a kò lè fi orúkọ rẹ̀ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Crowther ni wọ́n ń jẹ́, orúkọ àlùfáà kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù sì ni. Macaulay ni àwọn àna wọn ń jẹ́, orúkọ gómìnà Òyìnbó kan tí ó ti ṣe àkóso Sàró rí. Àjàyí pàápàá, orúkọ tí bíṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ láti ìgbà èwe, kò fi agbo-ilé kan hàn, nítorí gbogbo ọmọ tí ó bá dojú délẹ̀ wá sí ayé ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ìwé tí òun tìkára rẹ̀ kọ ni ó jẹ́ kí a mọ ẹni tí í ṣe.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1837, nígbà tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Fourah Bay ní Sàró, ó kọ ìwé sí Alúfàá William Jowett, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí ogun ti kó o, síbẹ̀ ó ka àwọn ìlú náà lẹ́sẹẹsẹ. Ní Òṣóògùn ni ogun bá wọn ní ọdún 1821. Bàbá rẹ̀ sáré wá láti ojú ìjà, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà. Ọmọ náà kò rí i mọ́ títí ayé. A mú òun, ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, èyí tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, àti ọmọ ẹbí wọn kan. Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn. A sì fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé ní Dàdá, inú wọn dùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi tún mú un lọ ní òru, láti ọjà dé ọjà, títí ó fi dé Èkó, tí a sì tà á fún àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon ni ó gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun ní oṣù Éprílì ọdún 1822.

Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí ó ń kọ ìwé yìí, kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ wà láàyè. Bí ó bá ti dákẹ́, òun ìbá bá àwọn orúkọ ìlú wọ̀nyí lọ sí ibojì, àwọn ọmọ rẹ̀ ìbá sì jẹ́ Crowther lásán.

Ní Sàró a ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1825. Ó fẹ́ Asano, tí a sọ ní Susan, ẹni tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun. A fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1843.

Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1846 òun pẹ̀lú Townsend dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, obìnrin àgbàlagbà kan wá a dé ilé pẹ̀lú ọmọ bàbá rẹ̀ kan. Afàlá ìyá rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ bí wọ́n ti di ara wọn lọ́wọ́ mú tí ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde lẹ́nu wọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá! A rì í bọmi ní ọdún 1848, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ẹni tí ó yan orúkọ yìí mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó wà láàyè láti rí ọmọ rẹ̀ ní bíṣọ́ọ̀bù, nítorí ọdún 1883 ni ó tó kú ní Èkó.

Abigail, ọmọbìnrin Crowther, ni Alúfàá Thomas Babington Macaulay fẹ́, ẹni tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. A bí òun náà ní Sàró fún àwọn Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú. Báyìí ni ó rí láàárín àwọn ará Sàró: ọmọ ẹni tí a gbà lójú òkun ń fẹ́ ọmọ ẹni tí a gbà lójú òkun, orúkọ Òyìnbó sì bo ìlú méjèèjì mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1864, ọdún tí a fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ni Abigail bí Herbert Macaulay.

Bíṣọ́ọ̀bù Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1891. Àwọn ìwé tí òun kọ sí C.M.S. wà ní Yunifásítì Birmingham. Àwọn ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ Herbert sì wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí a gbé fi bàbá ìyá rẹ̀ gba ẹṣin.