Gàní Fáwẹ̀hìnmi àti Ẹ̀tọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Níwájú Ìgbìmọ̀ Ìbáwí

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Láyé àtijọ́, bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú baálé tàbí baálẹ̀, olùfisùn yóò rojọ́, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yóò fèsì, ẹlẹ́rìí yóò sọ èyí tí ó ṣojú rẹ̀, kí àgbà tó sọ ibi tí ẹ̀bi wà. Ìlànà yìí gan-an ni Olóyè Gàní Fáwẹ̀hìnmi, agbẹjọ́rò tí ó fi Ìkẹjà ṣe ilé, gbé dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì wọn lé dànù. Ó yẹ kí olùkọ́ àti ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ mọ apá yìí nínú ìgbésí ayé rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò jókòó níbi ìgbìmọ̀ ìbáwí lọ́jọ́ kan.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Oǹdó ni a bí Abdul-Gàníyù Oyèṣọlá Fáwẹ̀hìnmi sí ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 1938. Oníṣòwò gẹdú ni baba rẹ̀, òun sì ni Séríkí Mùsùlùmí Oǹdó. Gàní lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ansar-Ud-Deen ní Oǹdó, lẹ́yìn náà ó lọ sí Victory College ní Ìkàrẹ́, ó sì jáde níbẹ̀ ní 1958. Ó ṣe akọ̀wé ní ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Holborn College of Law, London, ní 1961. Ó wà lọ́hùn-ún nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1963. Owó tí ó ń ti ilé wá dáwọ́ dúró, ó sì di dandan fún un láti máa ṣe iṣẹ́ kéékèèké kí ẹ̀kọ́ má baà já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1965 ni ó di agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà.

Ní 1969, ó gba ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tálákà kan rò lòdì sí aláṣẹ ìjọba kan tí ó lágbára. Èrè tí ó jẹ níbẹ̀ ni pé ìjọba ológun tì í mọ́lé fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án láìgbé e dé iwájú adájọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti mọ bí ó ti máa ń rí lára ẹni tí a fìyà jẹ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹjọ́ Yunifásítì Màídúgùrí

Ní 1983, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Màídúgùrí. Wọ́n ba dúkìá jẹ́, wọ́n sì dáná sun ilé. Gíwá yan ìgbìmọ̀ olùwádìí, ó sì fi igbákejì rẹ̀ ṣe alága, bẹ́ẹ̀ igbákejì gíwá náà wà lára àwọn tí rògbòdìyàn ọ̀hún ṣe ní jàǹbá. Wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Wọn kò sí níjòókòó nígbà tí àwọn mìíràn ń jẹ́rìí takò wọ́n, wọn kò sì láǹfààní láti bi ẹlẹ́rìí kankan léèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ lé wọn dànù.

Garba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe yunifásítì lẹ́jọ́. Wọ́n jàre ní ilé-ẹjọ́ gíga, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Fáwẹ̀hìnmi ni ó ṣe agbẹnusọ fún wọn ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Abala 33 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, èyí tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo, ni ẹjọ́ náà dá lé. Ní 1986, Adájọ́ Andrews Otutu Obaseki ka ìdájọ́ tí ó ṣíwájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jàre.

Kókó méjì ni ó hàn gbangba nínú ìdájọ́ náà. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀ràn dídá ni iná sísun àti olè jíjà. Ilé-ẹjọ́ ni ó lágbára láti sọ pé ẹnìkan jẹ̀bi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ìkejì ni pé ẹni tí ọ̀ràn kàn kò gbọdọ̀ ṣe onídàájọ́ rẹ̀, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sì gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí a sọ nípa rẹ̀ kí ó lè fèsì. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé ìwà ìbàjẹ́ tí ó ṣẹlẹ̀ dára, kò sì gba àṣẹ ìbáwí kúrò lọ́wọ́ yunifásítì. Ẹni tí ó bá rú òfin ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà lábẹ́ ìbáwí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ìdájọ́ náà béèrè ni pé kí ọ̀nà ìbáwí mọ́.

Ìwé Òfin láti Ìkẹjà

Ìdájọ́ tí a kò tẹ̀ jáde kì í pẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ní 1985, Fáwẹ̀hìnmi dá Nigerian Weekly Law Reports sílẹ̀, tí ó ń tẹ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹjọ́ Garba wà nínú ìpín 18 ti ọdún 1986. Òpópónà Àjàò, nítòsí Adéníyì Jones ní Ìkẹjà, ni ilé-iṣẹ́ náà fi ṣe ibùjókòó, láàárín àwọn ilé ẹ̀rọ tí ó tò lọ sí Ọ̀gbà àti Agége. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ti ń ṣe oúnjẹ àti aṣọ, ọjà ti ilé-iṣẹ́ yìí ni ìwé òfin. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Màídúgùrí fi di ohun tí agbẹjọ́rò ní Èkó, Kánò àti Calabar lè tọ́ka sí.

Ìjà àti Ikú Rẹ̀

Ní 1989, ìjọba ológun mú Fáwẹ̀hìnmi fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Gashua. Ìpínlẹ̀ Borno ni Gashua wà nígbà náà, ìpínlẹ̀ kan náà tí yunifásítì Màídúgùrí wà. Ẹni tí ó ti gba ìgbẹ́jọ́ òdodo fún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò rí i gbà fún ara rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi í jẹ Agbẹjọ́rò Àgbà fún Mẹ̀kúnnù tipẹ́tipẹ́ kí àwọn amòfin tó fún un ní oyè Agbẹjọ́rò Àgbà Nàìjíríà ní 2001. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní Èkó ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 71. Oǹdó ni wọ́n sin ín sí.

Ìkádìí

Ọmọ tí a lé kúrò ní yunifásítì kò pàdánù ìjókòó nìkan. Owó òbí, ọdún tí ó ti lò àti orúkọ rẹ̀ bá a lọ. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ìgbìmọ̀ ìbáwí kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó fún un ní àsìkò láti múra, kí ó jẹ́ kí ó gbọ́ ẹlẹ́rìí kí ó sì bi í léèrè, kí ẹni tí ọ̀ràn kàn sì dìde kúrò lórí àga ìdájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá wí lọ́nà yìí lè jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ pé a kò gbọ́ tẹnu òun.