Ọ̀gágun Murtala Muhammed àti ọ̀ràn Àǹgólà

Àwa tí a wà ní Òkìtìpupa àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, a ní ìdí pàtàkì tí a fi ń rántí Ọ̀gágun Murtala Ramat Muhammed. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, ó kéde ìpínlẹ̀ tuntun méje, Nàìjíríà sì di ìpínlẹ̀ 19. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára wọn. Títí di ọjọ́ yẹn, láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe àkóso wa; láti ìgbà náà, Àkúrẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìkéde náà ni wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ wa, torí ojú rẹ̀ lórí owó ogún náírà nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀.

Ìlú Kánò ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, 1938. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Barewa ní Zaria, ó sì kọ́ iṣẹ́ ológun ní Sandhurst, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sìn ní Kóńgò pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti pa Patrice Lumumba ní 1961, tí ọwọ́ Bẹ́ljíọ́mù sì wà níbẹ̀. A gbà pé ohun tí àwọn àjèjì ṣe ní Kóńgò kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ìyàwó rẹ̀, Àjọkẹ́.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló dára. Ó wà nídìí ìfipágbàjọba oṣù Keje, 1966. Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ aráàlú tí kò mú ohun ìjà dání ní Àsàbà, ní oṣù Kẹwàá, 1967. Àwọn ará Àsàbà kò gbàgbé. Kò sì yẹ kí àwa fi bò ó torí pé Mùsùlùmí bíi tiwa ni.

Ó di olórí ìjọba ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, 1975. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn Potogí ń kúrò ní Àǹgólà, tí ẹgbẹ́ mẹ́ta sì ń bá ara wọn jà lórí ta ni yóò jọba: MPLA ti Agostinho Neto, FNLA àti UNITA. Nàìjíríà kọ́kọ́ fẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣe ìjọba. Àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ Àǹgólà, tí Amẹ́ríkà sì ń ran FNLA àti UNITA lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, Murtala kéde pé ìjọba MPLA ni Nàìjíríà mọ̀, ó sì fi mílíọ̀nù 20 dọ́là ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àwọn kan bi í pé àwọn ará Kúbà tó ń bá MPLA jà ńkọ́, ṣé àwọn kì í ṣe àjèjì ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Èsì rẹ̀ ni pé ẹni tí onílé pè wá gba òun là kò lè jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni tó ń tẹ ọmọ Áfíríkà mọ́lẹ̀ ní ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Addis Ababa ń bọ̀, Gerald Ford, Ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n má gbè sẹ́yìn MPLA. Amẹ́ríkà ló ń ra epo wa jù lọ nígbà náà. Ìjọba mìíràn ì bá tọ́jú lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀. Ìjọba Murtala gbé e síta fún gbogbo ayé, ó sì kọ̀ ọ́ gbangba. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kíní, 1976, òun fúnra rẹ̀ dìde ní Addis, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé Áfíríkà ti kúrò lábẹ́ aláṣẹ láti òkèèrè. Nígbà tí wọ́n dìbò, orílẹ̀-èdè 22 gbè sẹ́yìn MPLA, 22 ò gbà, méjì dá dúró. Kò pé oṣù kan àbọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀ fi yí padà, tí Àǹgólà sì wọ inú àjọ OAU.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 13, oṣù Kejì, àwọn ológun tí Dimka kó sòdí yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìkòyí, níbi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti dá a dúró. Kò ní ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ níwájú tàbí lẹ́yìn. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ọwọ́ àwọn òyìnbó wà nínú ikú náà. A kò rí ẹ̀rí tó dájú, torí náà a kò ní fi kún ìtàn rẹ̀. Kánò ni wọ́n sin ín sí. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín.

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ni àwọn ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà jáde kúrò ní Àǹgólà. Nígbà náà, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Murtala ti wà nínú sàréè.