Charles Hodge àti Ìwé Darwin

Ọwọ́ opó kan ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. A bí Charles Hodge ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní oṣù December, 1797. Kò tí ì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí bàbá rẹ̀, tí í ṣe dókítà, kú. Mary ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ sí Princeton ní 1812, ó sì ń gba ayálégbé sílé kí owó ìwé wọn lè jáde. Ẹ̀gbọ́n di dókítà. Charles di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ìjọ Presbyterian (kì í ṣe ọmọ Mẹ́tọ́díìsì), àwọn tí ó sì kọ́ lé ní 3,000.

Ní 1859, Darwin ará Ìlú Ọba tẹ ìwé kan jáde pé ẹ̀dá alààyè ń yí padà láti ìran dé ìran, àti pé àwọn tí ara wọn bá ibùgbé wọn mu ni ó ń yè láti bímọ. Hodge ti di ẹni ọdún 76 kí ó tó fi odidi ìwé kan dá a lóhùn ní 1874.

Kò kàn bú u. Ó gbà pé ayé lè ti pẹ́ gan-an, pé ọjọ́ inú Jẹ́nẹ́sísì lè jẹ́ sáà gígùn. Ohun tí ó bá jà ni pé kò sí ète kankan nínú ìyípadà náà. Ẹ wo ojú tí a fi ń ríran: bí ẹnikẹ́ni kò bá pète rẹ̀, Hodge ní a ti sẹ́ Ọlọ́run nìyẹn, bí Darwin fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ pé Ọlọ́run kò sí.

Asa Gray, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ewéko ní Harvard, jẹ́ onígbàgbọ́ tí ó gbà pé Ọlọ́run lè gba ọ̀nà ìyípadà ṣiṣẹ́. Hodge ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Darwin rárá. Gray kò gbà. Ní Princeton níbẹ̀ gan-an, James McCosh, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì, fara mọ́ ìyípadà. Lójú tèmi, ẹ̀rí tí ó ti jáde láti ìgbà náà gbe Gray àti McCosh lórí ọ̀rọ̀ ìyípadà, ṣùgbọ́n ìbéèrè Hodge nípa ète ṣì wà nílẹ̀.

Ó dun ni pé ọkùnrin yìí kan náà ní ẹrú nínú ilé rẹ̀, ó sì kọ̀wé ní 1836 pé níní ẹrú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù June, 1878. Archibald ọmọ rẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ olùkọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.