Ràṣídì Yẹkínì: Abidjan ló ti kọ́kọ́ di baba góòlù

Bí ẹnikẹ́ni bá dé Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò ní í pẹ́ kó tó mọ̀ pé ilé méjì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ní. Ọ̀kan wà ní Èjìgbò, èkejì wà ní Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn baba ńlá wọn ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, mọ́tò sì ń gbéra ní Èjìgbò lọ sí Abidjan tààrà, tí yóò gba Sẹ̀mẹ̀ bọ́ sí Kùtọnu, tí yóò sì la Tógò àti Gánà kọjá. Owó sẹ́fà kì í ṣe ohun àjèjì lọ́jà wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ tuntun kí ọmọdé máa sọ èdè Faransé nínú agbo ilé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire pàdé nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan lọ́jọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 2024, tí Côte d'Ivoire sì borí pẹ̀lú góòlù méjì sí ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ náà kò lè rí lára ọmọ Èjìgbò bó ṣe rí lára àwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù. Ilé baba wọn ló ń bá ibi tí wọ́n ti ń jẹun gbá bọ́ọ̀lù.

Ọkùnrin kan wà tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá ṣáájú wọn, tí ó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ òun gan-an ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Èjìgbò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ọmọ Èjìgbò ń tọ̀ lòun náà tọ̀. Olóògbé Ràṣídì Yẹkínì ni. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí lórí rédíò tàbí nínú ìwé ìròyìn, Kàdúná, Ìbàdàn, ilẹ̀ Pọtogí àti Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà. Abidjan kì í gbà ju gbólóhùn kan lọ lẹ́nu wọn. Lójú tiwa, èyí kò tọ́ rárá.

Ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní Kàdúná. Ìrá, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni orírun rẹ̀. Nítorí náà, láti kékeré ló ti mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbé nílùú tí kì í ṣe ti baba ẹni. Inú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ ìhunṣọ UNTL ní Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ fojú sí i lára, nígbà tó sì di ọdún 1982, Shooting Stars mú un wá sí Ìbàdàn. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le bí irin. Kì í ṣe ẹni tó máa ń fi bọ́ọ̀lù dárà kí àwọn èrò máa pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n bá ti gbé e fún un níwájú ilé góòlù, àwọ̀n ló ń wò.

Ọdún 1984 ló kọ́kọ́ mọ Abidjan. Côte d'Ivoire ló gba ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lálejò lọ́dún náà, Ràṣídì tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ sì wà lára ikọ̀ Nàìjíríà. Wọ́n dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù lù wọ́n ní 3-1. Lọ́dún yẹn kan náà ni Shooting Stars tún pàdánù àṣekágbá ìdíje àwọn kíláàbù tó gba líìgì nílẹ̀ Áfíríkà sọ́wọ́ Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, tí kò sì bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù jù sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti Ìbàdàn ló ti bọ́ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, kíláàbù Olóyè MKO Abíọ́lá, tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́dún 1985 àti 1987.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù lóde òní lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ń wá lọ sí Abidjan. Nígbà yẹn, líìgì Nàìjíríà kò tíì di ti àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun. Ọdún 1990 lèyí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ológun gbé ètò SAP dé lọ́dún 1986, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé owó sẹ́fà ní tirẹ̀ so mọ́ owó ilẹ̀ Faransé, àádọ́ta sẹ́fà sí fránkì kan, kò sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 1994. Ohun tó ń mú oníṣòwò Èjìgbò wọkọ̀ lọ náà ló mú agbábọ́ọ̀lù wọkọ̀. Stephen Keshi ti lọ ṣáájú lọ́dún 1985, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan, lẹ́yìn náà fún Africa Sports. Peter Rufai ní tirẹ̀ gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ. Lọ́dún 1987, ó kan Ràṣídì, Africa Sports lòun náà sì lọ.

Côte d'Ivoire kì í ṣe orílẹ̀-èdè ńlá. Nígbà tí wọ́n ka àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ́dún 1988, wọn kò pé mílíọ̀nù mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni eré tí gbogbo wọn jọ ni, láti orí ẹni tó ń ta ẹja lẹ́bàá ọ̀sà títí dé orí Ààrẹ Houphouët-Boigny tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Plateau. Kíláàbù méjì ló sì pín Abidjan sí méjì: ASEC Mimosas, aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú, àti Africa Sports, aláwọ̀ ewé àti pupa. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dà bí ọ̀rọ̀ orogún. Lọ́dún 1986, Africa Sports dé àṣekágbá ìdíje Áfíríkà, pẹ̀nálítì ni Zamalek fi já ife náà gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Zamalek kan náà tó ti pa Shooting Stars lẹ́kún ni o. Ẹ ò rí i pé Ràṣídì àti àwọn tó gbà á sílé jọ ní ọgbẹ́ kan náà lára.

Ibẹ̀ ni ọmọ Kàdúná ti di baba góòlù. Africa Sports gba ife líìgì lọ́dún 1987, wọ́n gbà á lọ́dún 1988, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1989. Anago ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tó ń tajà ní Abidjan, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń fi ìfẹ́ pe orúkọ náà. Ẹni tó bá ti gbé ìdálẹ̀ rí yóò mọ bó ṣe máa ń rí kí onílé máa pariwo orúkọ ọ̀kan nínú ẹ̀yin àlejò ní pápá ìṣeré lọ́sẹ̀, kí ẹ sì tún padà sídìí igbá yín lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́dún 1990, Vitória Setúbal ti ilẹ̀ Pọtogí wá mú un. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀, a kò ní í fi gùn yín. Ó gbá góòlù 21 nínú líìgì àgbà wọn ní sáà 1993 sí 1994, kò sì sí ẹlòmíì tó gbá tó o ní sáà náà. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 1993.

Ọdún 1993 yẹn gan-an ni nǹkan le. Nàìjíríà, Côte d'Ivoire àti Àlùjíríà ló kù nínú ìsọ̀rí kan, ẹyọ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni yóò sì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Côte d'Ivoire ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife Áfíríkà lọ́dún 1992 ni, lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹ̀nálítì 11 sí 10 borí Gánà, nítorí náà ojú wọn ti là, kò sì sí ẹni tí wọ́n bẹ̀rù. Nígbà tí Nàìjíríà lọ bá wọn ní Abidjan, 2-1 ni wọ́n fi na Nàìjíríà. Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án tí wọ́n wá sí Súrùlérè, l'Ékòó, Nàìjíríà san án padà pẹ̀lú góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan, Ràṣídì sì wà lára àwọn tó gbá a sáwọ̀n. Nígbà tí gbogbo ìdíje parí, máàkì márùn-ún ni Nàìjíríà ní, márùn-ún ni Côte d'Ivoire náà ní. Iye góòlù ló yà wọ́n. Ẹni tí Abidjan bọ́ fún ọdún mẹ́ta wà lára àwọn tó ti ilẹ̀kùn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mọ́ Abidjan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni nǹkan burúkú kan ṣẹlẹ̀. ASEC lọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Asante Kotoko ní Kumasi, Kotoko ló sì tẹ̀síwájú. Ìròyìn tó dé Abidjan ni pé wọ́n ti lu àwọn olólùfẹ́ ASEC ní Gánà. Bí àwọn èèyàn ṣe ya sígboro nìyẹn, tí wọ́n ń wá ọmọ Gánà kiri. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sun ilé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Gánà ló sì sá padà sílùú wọn. Nítorí bọ́ọ̀lù ni o.

Ẹ wá fi ojú àwọn ará Èjìgbò tó wà ní Treichville àti Adjamé wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1994. Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire tún pàdé ní Tunis, nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Côte d'Ivoire gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì ni Nàìjíríà náà gbá a, Ràṣídì ló sì ni ọ̀kan nínú rẹ̀. Nàìjíríà borí pẹ̀lú pẹ̀nálítì mẹ́rin sí méjì. Kí ni ẹni tó ní ìsọ̀ lọ́jà Adjamé yóò ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ohun tí ojú ọmọ Gánà rí kò tíì pé oṣù mẹ́fà? Èrò tiwa ni pé ẹni tó gbọ́n yóò ti ilẹ̀kùn, yóò dín ohùn rédíò kù, inú ni yóò ti yọ̀.

Nàìjíríà borí Sáńbíà nínú àṣekágbá, Ràṣídì ló sì gbá góòlù jù lọ nínú ìdíje náà, márùn-ún. Lọ́jọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1994, ní Dallas, ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá rí ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Bùlgáríà ló gbá a sí, ó sì sáré wọ inú àwọ̀n lọ, ó na ọwọ́ méjèèjì gba ojú àwọ̀n jáde, ó di àwọ̀n náà mú, ó ń ké, ó ń sunkún. Àwòrán yẹn kò lè parẹ́ nínú ìtàn bọ́ọ̀lù wa. Lẹ́yìn rẹ̀, ó dé ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó dé Sípéènì, ó padà sí Pọtogí, ó dé Switzerland, Tùnísíà àti Saudi Arabia. Kò sí èyí tó rí bíi ti Setúbal mọ́.

Ohun tó yẹ ká ronú lé lórí ni pé nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í dara àgbà lọ́dún 1999, Africa Sports ni ọkùnrin yìí padà sí. Ọdún mẹ́fà péré ni sí ìgbà tó wà lára àwọn tó já wọn kulẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n Abidjan tó padà bá kì í ṣe èyí tó fi sílẹ̀. Houphouët-Boigny ti kú ní ìparí ọdún 1993, àwọn olóṣèlú sì ti ń bi ara wọn léèrè ta ni onílùú àti ta ni àlejò. Àwọn ológun gbàjọba ní ìparí ọdún 1999, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Lásìkò náà, mọ́tò tó máa ń kó èèyàn lọ láti Èjìgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn bọ̀, pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ.

Ràṣídì náà wálé. Lọ́dún 2003, Julius Berger ti Èkó ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Lọ́dún 2005, tó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, ó tún wọ aṣọ Gateway ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ara rẹ̀ pamọ́ sí Ìbàdàn, kì í lọ sóde àríyá, kì í bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀. Ìgbà tó ṣàìsàn, orílẹ̀-èdè tó gbá góòlù 37 fún kò mọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi bọ́ sórí. Ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún, ọdún 2012 ló kú, ẹni ọdún 48. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ìrá, ìlú baba rẹ̀ tí wọn kò bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.