William Grove: Lọ́yà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé inú fóònù wa

Tí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ Sir William Grove rí, á jẹ́ pé nínú ọ̀rọ̀ bátìrì háídrójìn ni. Wọ́n máa ń pè é ní bàbá fuel cell, orúkọ yẹn sì tọ́ sí i. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1852, ọkùnrin yìí rí nǹkan kan tí òun fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ojú fóònù ọwọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Swansea ní Wales ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1811. Ìlú àwọn tó ń yọ́ bàbà ni Swansea nígbà náà, èéfín ilé ìyọ́rin ló gba ojú ọ̀run wọn. Bàbá rẹ̀ lẹ́nu láwùjọ, ó sì rán an lọ sí Oxford. Ní 1835, William di lọ́yà ní London. Àmọ́ ara rẹ̀ ò le, kò lè máa sáré kóòtù bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin àti ásíìdì ṣeré nìyẹn.

Eré ọ̀hún di nǹkan ńlá ní 1839. Ó ṣe bátìrì kan: síńkì lápá kan, plátínọ́mù lápá kejì, ásíìdì oríṣi méjì, àti ìkòkò amọ̀ tó pààlà sáàárín wọn. Iná rẹ̀ lágbára ju tàwọn tó wà nílẹ̀ lọ, débi pé òun làwọn onítẹligíráàfù Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbọ́kàn lé, kí èéfín olóró tó ń tú jáde tó sú wọn. Lẹ́yìn náà ló ṣe bátìrì gáàsì, tó pa háídrójìn pọ̀ mọ́ ọ́síjìn tí iná sì jáde. Ní 1840, wọ́n gbà á sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1841, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní London Institution.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀. Nígbà tó wọ Royal Society, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ṣe sáyẹ́ǹsì kankan, orúkọ bàbá àti ẹni tí wọ́n mọ̀ ló gbé wọn wọlé. (Ẹ̀yin náà mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àbí?) Grove wà lára àwọn tó yarí. Ní 1847, wọ́n yí òfin padà: ènìyàn 15 péré ni wọn yóò máa gbà lọ́dún.

Àmọ́ sáyẹ́ǹsì ò bọ́ ilé nígbà yẹn. Ó ti gbéyàwó láti 1837, ọmọ ti dé. Ní 1846, ó fi iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ lọ́yà. Kóòtù ló ń gbé oúnjẹ wá. Sáyẹ́ǹsì wá di ohun tó ń fi àkókò tó bá ṣẹ́kù ṣe.

Inú àkókò tó ṣẹ́kù yẹn ni abẹ́rẹ́ ti wá. Ó mú àwo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò, ó nù ún títí tó fi ń dán bíi dígí. Ó gbé e sínú ìgò, ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde títí tó fi ku díẹ̀. Ó wá na ẹnu abẹ́rẹ́ irin sún mọ́ ojú fàdákà náà láì jẹ́ kó kàn án, ó sì tan iná tó lágbára sí i. Àárín wọn mọ́lẹ̀ rẹ́rẹ́, bí iná nẹ́ọ̀nù iwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, àbàwọ́n roboto ti wà lójú fàdákà, níwájú ẹnu abẹ́rẹ́ gẹ́lẹ́. Ara irin abẹ́rẹ́ yẹn ti ṣí kúrò, ó sì ti lẹ̀ mọ́ àwo, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yọ́ ọ, wọn ò sì fara kan ara wọn.

Kí ni lọ́yà wa ṣe sí i? Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gba ibòmíràn lọ. Ohun tó ń wá ni bí afẹ́fẹ́ àárín wọn ṣe ń ṣe tó bá yí ojú iná padà. Afẹ́fẹ́ ló gbé lọ sí kóòtù, kì í ṣe irin. Mi ò dá a lẹ́bi o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ìdọ̀tí lásán lọ̀pọ̀ ènìyàn ka nǹkan yìí sí, ohun tó ń sọ ìgò iná di dúdú.

Òkìkí rẹ̀ ní kóòtù ń pọ̀ sí i. Ní 1856, ó wà lára àwọn lọ́yà tó gbèjà William Palmer, dókítà Rugeley tí wọ́n ní ó fi májèlé strychnine pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n yẹ òkú wò, wọn ò rí strychnine kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n dá Palmer lẹ́bi, wọ́n sì yẹgi fún un. Grove di adájọ́ ní 1871, ó di Sir ní 1872, ó fẹ̀yìn tì ní 1887, ó sì kú ní London ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1896.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn wá dàgbà. Lónìí, wọ́n ń pe iṣẹ́ náà ní sputtering, wọ́n sì ń pe irin tó dúró sí ipò abẹ́rẹ́ ní target. Àwo irin pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n gbé sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n á tú gáàsì argon díẹ̀ sí i, iná á gba ara átọ́ọ̀mù argon, wọ́n á máa fi ara sọ target náà bí ẹni sọ òkò sí ògiri. Átọ́ọ̀mù irin á máa ta jáde ní ẹyọ ẹyọ, á sì lọ bò ohun tó wà ní iwájú rẹ̀. Awọ rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ lọ́nà tó pọ̀ gan-an.

Ibi tí owó wà ni mímọ́ irin náà. Ohunkóhun tó bá wà nínú target ló ń lọ sára ọjà. Iṣẹ́ yìí kì í sẹ́ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá irin tó mọ́ dé 99.999 nínú 100. Ẹ ka mílíọ̀nù kan átọ́ọ̀mù, àlejò àárín wọn ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Nígbà mìíràn gan-an, mẹ́wàá yẹn ti pọ̀ jù. Tí uranium tàbí thorium táṣẹ́rẹ́ bá fara pamọ́ sínú bàbà tí wọ́n fi ṣe ìlà iná inú chip, ìtànṣán ara rẹ̀ lè yí ohun tí kọ̀ǹpútà ti fi pamọ́ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bàbà fúnra rẹ̀ sì máa ń wọ inú sílíkónì tí wọn ò bá ṣọ́ ọ, nítorí náà wọ́n ń kọ́kọ́ fi target tantalum tẹ́ nǹkan sílẹ̀ dè é. Ojú fóònù tó ń gbọ́ ìka yín ńkọ́? Target tí wọ́n fi indium àti tin ṣe ló sábà máa ń tẹ́ awọ tó ń gbé iná, tójú sì ríran kọjá, sí i.

Ẹ sì rántí VCD fíìmù Yorùbá tí mọ́mì máa ń rà láti Ìdúmọ̀tà. Dídán ẹ̀yìn èyí tó bá jáde láti ilé iṣẹ́, alumíníọ́mù ni, ara target ló sì ti ta jáde bẹ́ẹ̀.

Target kì í jẹ tán. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń jẹ́ kí argon dójú sọ ibì kan ṣoṣo, ó sì máa ń gbẹ́ kòtò roboto sí i lójú. Tí kòtò náà bá ti fẹ́ lu àwo já, wọ́n á yọ ọ́, bí ọ̀pọ̀ irin tilẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ wúrà tàbí plátínọ́mù tàbí tantalum, inú iná ni wọ́n ń dá a padà sí, kí wọ́n tún un yọ́, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.