Tai Solarin: Olùkọ́ tó fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀

Orúkọ Tai Solarin ni yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ n'Íjàgun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ń jẹ́ láti ọdún 2005. Ẹni tó fẹ́ máa kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ níbẹ̀ yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára ìgbésí ayé bàbá náà.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1922. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Wesley College, Ìbàdàn, ó bá ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà ogun Hitler, ó sì kàwé ní Manchester. Lọ́dún 1952, ó di ọ̀gá ilé-ìwé Mólúsì, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ipò ńlá nìyẹn láyé ìgbà náà! Ṣùgbọ́n kò fẹ́ àdúrà àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nílé-ìwé, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé kò sì gbà. Ló bá fipò sílẹ̀.

January 27, 1956, òun àti Sheila, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé, wọ́n sì ń roko. Bàbá fúnra rẹ̀, ṣòkòtò péńpé kákí ló máa ń wọ̀. Kò gbà pé Ọlọ́run wà, èyí sì bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, síbẹ̀ onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń fi ọmọ sílé-ìwé rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ kò gbé jẹ́ẹ́ sí ìjọba. Lọ́dún 1984, àwọn ológun tì í mọ́lé.

Ó kú lọ́dún 1994. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì náà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 2025, wọn kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.