Imre Németh Ajùòòlù àti Ọmọ Rẹ̀

Oríṣìíríṣìí ni ẹ̀bùn tí ó máa ń ti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa yìí, láti Tápà dé Ayétẹ̀, àti láti Igangan dé Èrúwà, bí a bá gbọ́ orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, a mọ̀ pé ọmọ onílù ni ẹni náà. Bí ó bá sì jẹ́ Ọdẹ ni orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, a mọ̀ pé ìdílé ọdẹ ni wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í lu ìlù, orúkọ kì í sì í pa ẹran. Ọmọ Àyàn tí kò bá jókòó ti baba rẹ̀ kí ó kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹgọ́ sọ̀rọ̀, ariwo lásán ni yóò máa pa létí aráyé. Ìtàn ọkùnrin tí a fẹ́ kà yìí, ẹni tí òun àti ọmọ rẹ̀ di olókìkí nínú eré jíju nǹkan, yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa yékéyéké.

Imre Németh ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1917, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, ni wọ́n bí i ní ìlú Kassa. Abẹ́ ìjọba Austria òun Húngárì ni ìlú náà wà nígbà náà. Lónìí, orílẹ̀-èdè Slovakia ni ó wà, Košice ni wọ́n sì ń pè é. Eré tí Németh yàn láàyò ni òòlù jíjù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òòlù tí káfíńtà fi ń kan ìṣó ni à ń wí. Òòlù ti eré ìdárayá jẹ́ irin róbótó kan tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kìlógíráàmù méje. Wáyà ni a so mọ́ ọn, ohun ìdìmú sì wà ní ìparí wáyà náà. Ajùòòlù yóò dúró sínú àmì róbótó kan tí fífẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà méjì. Yóò kọ́kọ́ fi òòlù náà yí orí ara rẹ̀ ká; lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yí bírí bí òkòtó, eré rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. Nígbà tí ó bá tó àkókò, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀, òòlù yóò sì fò lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jáde kúrò nínú àmì náà kí òòlù tó balẹ̀, òfo ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ nínú oko ọkà bàbà rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe agbára apá nìkan ni ó ń gbé òkò lọ. Yíyí rẹ̀ ni, àti mímọ ìgbà gan-an tí ó yẹ kí a jọ̀wọ́ rẹ̀. Abájọ tí àwọn àgbà fi máa ń wí pé òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Ọ̀nà tí Németh tọ̀ kò tẹ́jú. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni a máa ń ṣe ìdíje Òlíńpíìkì, èyí tí gbogbo eléré ìdárayá ayé ń lépa. Németh jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà tí ó yẹ kí a ṣe ti ọdún 1940, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí ó yẹ kí a ṣe ti ọdún 1944. Ogun àgbáyé kejì kò jẹ́ kí a ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí ọdún tí agbára ọkùnrin máa ń pé jù ṣe kọjá lọ lára rẹ̀ nìyẹn. Ogun náà kò sì fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti bá a. Nígbà tí ó fi máa parí ní Húngárì ní ọdún 1945, gbogbo afárá tí ó gba orí odò Danube kọjá ní Budapest, olú-ìlú wọn, ni ó ti wó lulẹ̀. Nínú ìlú tí ogun bà jẹ́ yìí ni wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀, Miklós, ní oṣù kẹwàá ọdún 1946.

Németh kò tìtorí ìyà ilẹ̀ rẹ̀ pa òòlù tì. Láti ọdún 1938 ni ará Jámánì kan, Erwin Blask, ti ju òòlù dé mítà 59.00, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kò sì sí ẹni tí ó lè kọjá rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1948, ní ìlú Tata ní Húngárì, òòlù Németh balẹ̀ sí mítà 59.02. Ṣẹ́ńtímítà méjì péré ni ó fi jùn ún lọ, kò ju ìbú ìka kan lọ. Síbẹ̀, òun ni ó di ẹni tí ó ju òòlù jìnnà jù lọ láyé.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, ó wà ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìdíje Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun. A kò pe Jámánì àti Jàpáànì síbẹ̀, ṣùgbọ́n a pe Húngárì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lára àwọn tí a ṣẹ́gun. Németh ju òòlù dé mítà 56.07. Ivan Gubijan ti ilẹ̀ Yugoslavia, ẹni tí ó ṣe ipò kejì, kò lè ju mítà 54.27 lọ. Bí ọkùnrin tí ó ti dúró de àyè láti ìgbà èwe rẹ̀ ṣe gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nìyẹn, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Kò fi ìyẹn sinmi. Ó ju òòlù dé mítà 59.57 ní ọdún 1949, ó sì jù ú dé mítà 59.88 ní ọdún 1950. Ṣẹ́ńtímítà méjìlá péré ni ó kù kí ó dé ọgọ́ta mítà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó dé ibẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti ọdún 1952 ní Helsinki, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Húngárì kan, József Csermák, ọmọ ogún ọdún, ju òòlù dé mítà 60.34. Ó gba wúrà, ó sì gba ipò Németh lọ́wọ́ rẹ̀. Németh ju tirẹ̀ dé mítà 57.74, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Ẹni tí ó wà lókè lánàá sì dúró sí ẹsẹ̀ ọmọdé lónìí.

Nígbà tí Miklós dàgbà, òun náà yan eré jíju nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ ni ó mú, kò mú òòlù. Ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n ọ̀kọ̀: ẹni tí yóò jù ú yóò sáré wá, kì yóò yí bírí. Ọ̀kọ̀ náà kò ju ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ gíráàmù lọ, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ lé ní mítà méjì àtààbọ̀. Ẹrù wúwo ni orúkọ baba jẹ́ lórí ọmọ. Ní Mexico ní ọdún 1968, ìgúnpá rẹ̀ ń dùn ún, kò sì lè bá àwọn tí ó yege dé ìparí. Ní Munich ní ọdún 1972, ipò keje ni ó ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélógún ti kọjá nígbà náà tí baba rẹ̀ ti gba wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ẹni tí ó bá sì rí ọmọ yóò rántí baba. Ìbá rọrùn fún un láti fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1976, ó wà ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ gan-an tí ó ju ọ̀kọ̀ ní àṣekágbá, ọ̀kọ̀ náà balẹ̀ sí mítà 94.58. Ó kù díẹ̀ kí ó tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù láti ojú góòlù kan dé èkejì, kò sì sí ẹni tí ó ti ju ọ̀kọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Hannu Siitonen ti ilẹ̀ Finland, ẹni tí ó ṣe ipò kejì, fi ju mítà mẹ́fà lọ kéré sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Imre àti Miklós Németh ṣe di baba àti ọmọ àkọ́kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré orí pápá.

Lẹ́yìn tí Imre fi ìdíje sílẹ̀, ó di olùdarí Népstadion, pápá ìṣiré ńlá tí wọ́n ṣí ní Budapest ní ọdún 1953. Wọ́n ti wó pápá náà, òmíràn tí a ṣí ní ọdún 2019 ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Imre jáde láyé ní oṣù kẹjọ ọdún 1989, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó rí i kí ó tó kú pé ìdílé òun kò fi ẹ̀bùn náà ṣòfò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí baba yìí fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe wúrà, nítorí wúrà ti baba kò fi mítà kan kún ọ̀kọ̀ ọmọ. Kì í ṣe òòlù, nítorí ọmọ kò mú un. Ogún tí a rí lára àwọn méjèèjì ni sùúrù: baba dúró de ogun kí ó parí, ọmọ sì dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ gbajúmọ̀ nínú yín kí ó má ṣe fi orúkọ baba rẹ̀ sùn. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ kò sì tíì ní orúkọ kí ó mọ̀ pé ìran gbogbo ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.